Ìfàsẹ́yìn Lójú Ìjà Nínú Eré Orí Tábìlì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè jọ ohun kékeré lójú ẹni tí kò tíì bá àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí jókòó pẹ́: ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n eré tí ń kọ́ ènìyàn ní bí a ti í jà àti bí a ti í ṣíwọ́ ìjà kì í ṣe ohun tí àgbà fi ojú fò dá. Bí àwọn baba wa bá jókòó ti ọpọ́n ayò, wọn kì í ṣe bí ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò, ẹni tí ó bá sì ti rí wọn rí yóò fún wa ní etí.

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ará Amẹ́ríkà méjì, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó ti jáde: ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú àpótí kan, ẹgbẹ̀rún kan péré sì ni àkọ́tẹ̀ rẹ̀. Gygax kú ní 2008, Arneson sì tẹ̀lé e ní 2009, ṣùgbọ́n eré wọn ti tàn ká ayé. Bí a ti í ṣe é nìyí. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni alákòóso. Òun ni ó ń sọ bí ilẹ̀ ti rí, òun ni ó ń gba ẹnu ọ̀tá sọ̀rọ̀, òun kan náà ni onídàájọ́. Olúkúlùkù àwọn ìyókù ní akọni kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí a kọ orúkọ rẹ̀, ipá rẹ̀ àti iye ẹ̀mí rẹ̀ sí orí ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni ó sì ń sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Kò sí ẹni tí ń borí ẹnìkejì níbẹ̀ bí ti lúdò. Eré kan lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún mẹ́ta, akọni náà yóò sì máa dàgbà nínú ọgbọ́n àti agbára bí ọmọ tí à ń tọ́.

Nítorí náà, nígbà tí gbogbo akọni orí tábìlì kan bá kú ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ìtàn tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ti parí láìdé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀rẹ́ a máa dá ọ̀rẹ́ lẹ́bi. Alákòóso a máa wí pé wọn ì bá ti sá, àwọn ìyókù a máa wí pé kò fi ọ̀nà àtisá hàn wọ́n. A ti rí ẹgbẹ́ tí ó tú ká lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì tún jókòó pọ̀ mọ́. Bí a bá sì wádìí rẹ̀ wò, a ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ọ̀tá le jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a kúrò, tàbí bí a ti í kúrò.

Kí a lè mọ ibi tí ìṣòro yìí ti wá, ó yẹ kí a mọ ibi tí eré náà ti ṣẹ̀. Àwọn ológun ilẹ̀ Prọ́ṣíà, tí ó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, wà nínú àwọn tí ó tètè fi eré orí tábìlì kọ́ iṣẹ́ ogun; ní 1824 ni ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Reisswitz tẹ ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì fi onídàájọ́ sí àárín ọ̀tá méjèèjì. Láti inú ẹbí eré ogun bẹ́ẹ̀ ni Chainmail ti jáde ní 1971, èyí tí Gygax àti Jeff Perren ṣe, tí a ń fi ọmọ ogun kéékèèké tí a fi òjé rọ tò sí orí tábìlì. Nínú irú eré wọ̀nyí, ìfàsẹ́yìn kò jẹ́ ohun ìtìjú rárá. Bí ọ̀wọ́ ogun kan bá pàdánù iye kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, dáìsì ni a ó jù láti wo ọkàn wọn, bóyá wọn yóò dúró, bóyá wọn yóò fà sẹ́yìn létòlétò, tàbí wọn yóò fọ́n ká sá lọ. Olórí ogun kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àyà àwọn ènìyàn rẹ̀ ti já, ó di dandan kí ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí eré náà kúrò ní ti ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun, tí ó di akọni kan fún ẹnì kan, nǹkan yí padà. Ẹni tí ó jẹ́ olórí ogun ní àná ti di jagunjagun fúnra rẹ̀. Dáìsì kò tún fi agbára mú un sá mọ́. Ìpinnu náà di tirẹ̀, ìtìjú rẹ̀ pẹ̀lú sì di tirẹ̀. Níbí gan-an ni gbogbo wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé tí Tom Moldvay ṣe fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ní 1981, nítorí àwa kò tíì rí èyí tí ó la ọ̀rọ̀ yìí yéni jù ú lọ. Ó fún olúkúlùkù ọ̀tá ní nọ́ńbà àyà kan, láti 2 títí dé 12. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn bá ṣubú, àti nígbà tí ìdajì wọn bá ti ṣubú, alákòóso yóò ju dáìsì méjì. Bí iye tí ó jáde bá ju nọ́ńbà àyà wọn lọ, wọn yóò sá, tàbí kí wọ́n túúbá. Iwin kékeré tí à ń pè ní goblin ní 7, èyí ni pé nínú ìgbà 36, ìgbà 15 ni àyà rẹ̀ yóò já. Egungun òkú tí a fi oògùn jí dìde ní 12, kò sì mọ ohun tí à ń pè ní ìbẹ̀rù. Àwọn tí akọni sanwó fún láti tẹ̀lé e ní nọ́ńbà tiwọn pẹ̀lú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní: akọni fúnra rẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí ẹni tí ó ni ín.

Nínú ìwé kan náà, ọ̀nà méjì ni ó wà láti fi ojú ìjà sílẹ̀. Èkíní ni kí ènìyàn máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ojú rẹ̀ wà lára ọ̀tá, kí asà rẹ̀ wà níwájú. Kò lè yára ju ìdajì ìrìn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bò. Èkejì ni kí ó kọ ẹ̀yìn kí ó sá. Nígbà náà a ó fi 2 kún dáìsì ẹni tí ń lù ú, asà rẹ̀ kò sì ní wúlò, nítorí ta ni í fi asà bo ìpàkọ́? Ẹni tí ó kọ òfin yìí mọ ìtàn ogun. Àwọn onímọ̀ ìtàn ogun àtijọ́ ti fi yé wa pé kì í ṣe nígbà tí ojú kan ojú ni òkú ń sùn jù, bí kò ṣe nígbà tí apá kan bá kọ ẹ̀yìn tí wọ́n sì fọ́n ká. Bí ọ̀tá bá sì ń lé wọn bọ̀, àwọn akọni lè ju oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹranko tí ebi ń pa, tàbí kí wọ́n ju wúrà sílẹ̀ fún ọ̀tá olójúkòkòrò. Dáìsì kan ni a ó jù. Bí ó bá jẹ́ 1, 2 tàbí 3, àwọn tí ń lé wọn yóò dúró ṣa á. Ẹ̀tàn kékeré ni, ṣùgbọ́n a ti rí i tí àpò ẹran gbígbẹ kan gba ẹ̀mí ènìyàn márùn-ún là.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Nínú eré àtijọ́ yẹn, wúrà tí a bá gbé dé ilé ni ó ń mú akọni dàgbà jù, owó wúrà kan sí àmì ìrírí kan; pípa ọ̀tá kò mú tó bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tí ó jí àpótí gbé tí ó sì sá fún ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti jèrè ju ẹni tí ó bá ẹ̀ṣọ́ jà tí ó sì fi ojú kan lélẹ̀. Èrè ni ó ń kọ́ ènìyàn ní ìwà, nínú eré àti lóde eré.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn wọn pé Yorùbá kì í sá lójú ogun. Wọn yóò tọ́ka sí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹni tí Samuel Johnson wí nípa rẹ̀, nínú ìwé ìtàn tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé bí ọba bá rán an lọ sí ogun, láàárín oṣù mẹ́ta ó ní láti ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé òfin oyè kan ṣoṣo ni èyí, ọlá oyè náà sì ni a fi san án fún ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àwọn kan náà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún Kakaǹfò ni wọ́n wí pé àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí akọni òun jẹ́ Kakaǹfò nínú eré, kí ó wí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀, kí wọ́n má baà bá a kú ikú tí wọn kò yàn.

Ní 2000 ni ìwé òfin ìkẹta jáde láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast, tí ó ti ra ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní 1997. Ìwé yìí fi ìwọ̀n kan sí ara olúkúlùkù ọ̀tá, kí alákòóso lè mọ èyí tí àwọn akọni rẹ̀ lè kò lójú. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa ó fa ohun kan tí kò dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbọ́ pé ọ̀tá tí alákòóso bá gbé kalẹ̀, ó ti wọ̀n ọ́n fún wọn; a fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè pa á ni. Ìgbàgbọ́ yìí ń pa akọni ju idà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé òfin ìkarùn-ún, ti 2014, kí a fi ìṣirò wò ó. Nígbà tí ó bá kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ akọni ń rin ẹsẹ̀ bàtà 30. Aràrá ń rin 25. Ìkookò ń rin 40. Bí ìkookò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọni, tí akọni sì kúrò níbẹ̀, ìkookò ní ẹ̀tọ́ láti bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Akọni lè yẹra fún èyí bí ó bá ná gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìyípo náà lórí yíyọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà kò lè lu ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ bàtà 30 náà ni yóò sì rìn. Ó wá kan ìkookò: ó rin 30, ó tún ku 10 ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bu akọni jẹ. Bí akọni bá yàn láti sáré tete, yóò rin 60, ṣùgbọ́n yóò gba ìbùjẹ ọ̀fẹ́ náà; ìkookò pẹ̀lú lè sáré 80. Ọ̀nà méjèèjì já sí ibi kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé òfin eré yìí kò fẹ́ kí ènìyàn sá, kò purọ́ tán. Ṣùgbọ́n òkú tí ń rìn, tí wọ́n ń pè ní zombie, kò rìn ju 20 lọ. Aràrá pàápàá lè fi í sílẹ̀ láìmí hẹlẹ. Ìwà ọgbọ́n ni kí a mọ ẹsẹ̀ ọ̀tá kí a tó mọ apá rẹ̀.

Ìdẹkùn tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó ṣubú. Nígbà tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ṣì dúró, kò sí ẹni tí ó fẹ́ sọ pé kí a kúrò, nítorí ẹ̀mí ṣì pọ̀ lára wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá ṣubú, gbogbo wọn rí i nísinsìnyí pé ó yẹ kí wọ́n sá, ṣùgbọ́n wọn kò lè sá mọ́, nítorí ta ni yóò fi ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìkookò? Bí ẹnì kan bá gbé e, ìrìn rẹ̀ yóò dín kù. Bí ẹnì kan bá dúró tì í, òun náà yóò ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí ó rọrùn láti sá ni àkókò tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ sá, òótọ́ yìí ni àwa sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ sórí.

Nínú ìwé alákòóso ti 2014 kan náà, òfin ìlépa kan wà tí ọ̀pọ̀ kò ṣí wò rí. Bí àwọn kan bá ń sá tí àwọn kan sì ń lé, kò sí ìlù ọ̀fẹ́ láàárín wọn mọ́, nítorí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ. Olúkúlùkù lè sáré tete ní ìgbà mẹ́ta, kí a fi ìwọ̀n ìfaradà rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn èyí yóò máa ju dáìsì, bí kò bá sì yege, àárẹ̀ yóò mú un. Òfin yìí kan ẹni tí ń lé gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ń sá. Alákòóso tí ó bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì wí pé, “Ó dára, ìjà ti parí, ìlépa ni ó kù,” ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ti gba ọ̀nà àbùjá. Nínú eré tí ń jẹ́ 13th Age, tí Rob Heinsoo àti Jonathan Tweet ṣe ní 2013, ẹnikẹ́ni lè dábàá nígbà tí ìjà bá kan akọni kan pé kí gbogbo wọn sá. Bí gbogbo wọn bá gbà, wọ́n ti sá nìyẹn, wọ́n sì ti gbé àwọn tí ó ṣubú lọ pẹ̀lú. Kò sí dáìsì, kò sí ìlù ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n wọn yóò san án: ohun pàtàkì kan nínú ìtàn wọn yóò bàjẹ́ nítorí pé wọn kò dúró. Nínú Fate Core, tí ó jáde ní ọdún kan náà, ẹni tí ó bá gbà pé òun ti pàdánù kí a tó ju dáìsì ní ẹ̀tọ́ láti bá wọn dá sí bí òun yóò ti pàdánù, a sì tún fún un ní àǹfààní kékeré kan fún ọjọ́ mìíràn. Àwa fẹ́ràn ti 13th Age, nítorí ó mú kí sísá jẹ́ ìpinnu gbogbo ilé, kì í ṣe ti ojo kan. Síbẹ̀ a kò lè ṣàì wí pé ó gba òógùn kúrò lára ẹni tí ń sá. A kò gbọ́ mímí rẹ̀. Ní ti Call of Cthulhu, tí Sandy Petersen ṣe ní 1981, a kò ní pẹ́ níbẹ̀: àwọn akọni ibẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àti akọ̀wé ìròyìn, ohun tí wọ́n ń bá pàdé sì ga jù wọ́n lọ, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Kí ni àwa rí pé ó yẹ kí alákòóso ṣe? Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀tá sá. Ẹni tí kò bá rí kí ọ̀tá sá rí kò lè rò pé òun pẹ̀lú lè sá. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọ̀tá ń fẹ́: ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò ní fi ẹnubodè sílẹ̀ lépa ènìyàn wọ inú igbó, ọlọ́ṣà owó ni ó ń wá, abo ẹranko tí ó ní ọmọ nínú ihò kò ní jìnnà sí ihò náà. Bí ó bá mọ èyí, yóò mọ ibi tí ìlépa yóò dúró sí, kò sì ní ṣe ojúsàájú. Ojúsàájú ni kí a kíyè sára fún. Alákòóso tí ń yí dáìsì padà ní ìkọ̀kọ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà kú ti gba ìgboyà wọn lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Kí ó kúkú la ẹnu sọ ohun tí jagunjagun gidi yóò rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀: “Òmìrán yìí fi ọwọ́ kan fa igi tu, o sì mọ̀ pé asà rẹ kò ní gba ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.” Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí ó sì dúró, ó dúró pẹ̀lú ojú líla.

Ní ti àwọn tí ń ṣeré, kí wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó wọ ihò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ó jẹ́ àmì, tí ẹnikẹ́ni lè sọ, tí a kì yóò sì jiyàn lé lórí títí a ó fi dé ìta. Ẹni tí ó wọ ẹ̀wù irin ni kí ó kẹ́yìn. Olóògùn kò gbọdọ̀ ná gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ lórí ìkọlù. Kí ó fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ̀nà ilé, bí ó ṣe ti èéfín ni, bí ó ṣe ti ògiri. Kí wọ́n sì mọ ẹni tí yóò gbé ẹni tí ó bá ṣubú, kí ó tó ṣubú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sá tán, iṣẹ́ alákòóso kò tíì parí. Ọ̀tá ti rí ojú wọn. Ó ti lè kó àpótí wúrà lọ sí ibòmíràn, ó ti lè gbẹ́ kòtò sí ẹnu ọ̀nà, ó ti lè ránṣẹ́ pe àwọn ìbátan rẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé àwọn tí ó gbọgbẹ́ nínú wọn ti kú, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jẹ olórí. Kí alákòóso kọ èyí sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àwọn akọni bá fi ń wo ọgbẹ́ wọn sàn ní abúlé. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ẹnu ihò náà, kí wọ́n bá ohun titun níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìkookò àti ẹsẹ̀ bàtà 40 rẹ̀, a ti mú dáìsì àti ìwé òfin wá, a ó sì fi hàn án lórí tábìlì yìí.